Kí àlejò tó dé etí odò yẹn: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ máa mú èèyàn lọ sábúlé bàbá ẹ̀

Arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Abúlé bàbá mi wà lọ́nà Ìdó, odò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣàn láàárín òkúta, igbó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí àwọn bàbá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi níbẹ̀. Mo mú àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ lọ́jọ́ kan, a ya fídíò, mo gbé e sórí Instagram, àtìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń bi mí pé èló ni wọ́n máa san kí n mú àwọn náà lọ. Mo fẹ́ máa ṣe é ní wíkẹ́ǹdì. Àmọ́ bàbá mi àgbà tó wà lábúlé ní àlejò á ba odò àwọn jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ní kí n má dààmú, pé ká ṣáà ti pè é ní regenerative tourism, kí gbogbo ẹni tó bá wá gbin igi kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ṣé òótọ́ ni nǹkan yẹn àbí ọgbọ́n ìtajà lásán ni? Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí àwọn ará abúlé á fi rí nǹkan gidi níbẹ̀, tí mi ò fi ní jẹ́ ẹni tó ba ilé bàbá ẹ̀ jẹ́?"

Àbúrò mi, o kú àròjinlẹ̀. Mo ka lẹ́tà ẹ dáadáa, bó o tiẹ̀ ń béèrè owó, ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, kó má lọ di pé ìwọ lo ba ilé bàbá ẹ jẹ́. Ẹ̀rù yẹn tọ̀nà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn lé e kúrò lọ́kàn ẹ, torí èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó àti igi níléèwé, tó sì ti pẹ́ tí mo ti ń mú èèyàn rìn káàkiri Ìbàdàn àti àwọn abúlé tó yí i ká, ibi tí mo bá ti rí i tó bàjẹ́, ẹni tí ẹ̀rù ò bà ló bà á jẹ́. Jẹ́ n kọ́kọ́ fún ẹ ní ìdáhùn mi kí n tó ṣàlàyé: òótọ́ ni nǹkan náà, ó sì ṣeé ṣe, àmọ́ ọ̀dọ̀ odò yẹn àti àwọn tó ń pọn ún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àlejò ló máa ń kẹ́yìn.

Ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ l'Ékòó ń sọ yẹn, orúkọ ẹ̀ ló mú, ó fi ara ẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ ti ń sọ fún àlejò pé kó má ba ibi tó lọ jẹ́, kó kó ìdọ̀tí ẹ̀ dání, kó má fọwọ́ kan nǹkan. Ìyẹn dáa, àmọ́ ibi tó ti bàjẹ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Tó o bá fi í sílẹ̀ bó o ṣe bá a, bíbàjẹ́ náà lo fi sílẹ̀ yẹn. Regenerative tourism tí à ń sọ yìí ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní nígbà tí àlejò bá fi máa kúrò, kí ibẹ̀ sàn ju bó ṣe bá a lọ, ilẹ̀ ẹ̀, omi ẹ̀, àti àpò àwọn tó ń gbébẹ̀. Ìyá mi kì í dá abọ́ ẹni tó bá bu oúnjẹ fún un padà lófìfo, á fọ̀ ọ́, á wá nǹkan sí i, ì báà jẹ́ iyọ̀. Ohun tí mò ń sọ ò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ igi gbíngbìn wá. Mi ò bá igi jà o, ìdí igi ni mo ti ń jẹun. Àmọ́ igi wo, oṣù wo, ta ló máa bomi rin ín? Ẹni tó bá gbin igi lóṣù Kejìlá torí pé ìgbà yẹn làwọn ará Èkó ráyè, fọ́tò ló gbin ín fún, ọ̀gbẹlẹ̀ Ìbàdàn á ti pa á kí òjò ọdún tuntun tó rọlẹ̀. Láàárín Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Keje ni ọmọ igi máa ń fìdí múlẹ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa níbí. Yàtọ̀ síyẹn, tíìkì àti mẹ̀láínà táwọn èèyàn máa ń tètè rí rà, igi pákó tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá ni wọ́n, wọ́n yára dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ àti ọ̀bọ inú igbó yín ò mọ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe mọ ìrókò, àràbà, àfàrà àti ọ̀gànwó. Igbó tí igi àgbà ṣì wà nínú ẹ̀ bíi tiyín, hóró ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, ẹyẹ àti àdán ń gbin igi fún un lójoojúmọ́ láì gba kọ́bọ̀. Ohun tó nílò jù lè má ju kí ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn níbí, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1967, ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà ni, wọ́n wá fi bíi 350 nínú ẹ̀ sílẹ̀ láì dáko síbẹ̀ mọ́, ibi tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀ di igbó padà fúnra ẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀, dúdú lára, pupa lórí àti láyà, apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé, orúkọ Ìbàdàn gan-an làwọn onímọ̀ fi sọ ọ́, Malimbus ibadanensis, àwọn tó fẹ́ràn àtimáa wo ẹyẹ ń wọ bàálù torí ẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí igbó yẹn, àmọ́ kí n sọ apá kejì ẹ̀ fún ẹ: ìjọba ló kó àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ yẹn kúrò kí wọ́n tó mọ ọgbà yí i ká. Igbó jèrè, ẹyẹ jèrè, àwọn tó ń gbébẹ̀ kó lọ síbòmíì. Ìwọ ò fẹ́ irú ìyẹn. Torí náà tí wọ́n bá ń fi ibi tó tutù yọ̀yọ̀ hàn ẹ́, máa bi wọ́n pé ta ló ṣì ń gbé abẹ́ igi yẹn, kí ló sì ń jẹ.

Bàbá yín àgbà tó ní àlejò á ba odò jẹ́, ohun tí bàbá yẹn ń fojú inú rí, èmi ti fojú ara mi rí i. Ibì kan wà tí mi ò ní dárúkọ, odò bíi tiyín ni. Ẹgbẹ́ kan kó bọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ ọdún, wọ́n gbé spíkà àti kúlà sọ̀kalẹ̀, wọ́n dáná ṣúyà sórí òkúta, nígbà tó yá àwọn míì gbọ́, wọ́n ń wá ní gbogbo ìsinmi. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni gbogbo èèyàn ń wò níbẹ̀, wọ́n ń ṣa á, wọ́n ń ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń ṣa á, àmọ́ ọ̀rá kọ́ ló kọ́kọ́ ba odò yẹn jẹ́, ẹsẹ̀ ni. Etí odò ní àwọn ewé kéékèèké àti gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó di ilẹ̀ mú. Tí ẹsẹ̀ bá ti pọ̀ jù níbẹ̀ ewé yẹn á kú, ilẹ̀ á le gbagidi, òjò ò ní rí ibi wọlé mọ́, orí ilẹ̀ ni á máa bá lọ, á gbẹ́ kòtò tóóró, kòtò yẹn á máa fẹ̀ sí i lọ́dọọdún, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ pupa yẹn ń wọnú omi. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn òjò kan, àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ gbé garawa omi tí wọ́n pọn kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró kó tòrò, ẹrẹ̀ ti bo ìsàlẹ̀ garawa, wọ́n ní àwọn máa ń da álọ́ọ̀mù sí i kó tó ṣeé fọ ìrẹsì. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń rán lọ pọnmi ń rìn kọjá ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n tẹ́lẹ̀, torí ibi tó sún mọ́lé ti di ibi ijó. Ẹ jẹ́ ká sì sọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ: ogójì èèyàn tó lo odindi ọ̀sán síbi tí ò sí ṣáláńgá, inú igbó yẹn náà ni gbogbo wọn máa yà sí, òjò kan ló kù tó máa gbé e wọ omi mímu. Kò sí ìkankan nínú àwọn àlejò yẹn tó jẹ́ ìkà èèyàn. Ẹni tó mú wọn wá ni ò ro nǹkan kan kọjá bó ṣe máa kún bọ́ọ̀sì ẹ̀.

Tó o bá fẹ́ rí ibi tí àtúnṣe gidi ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, lọ sí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo kó o tó ṣe ohunkóhun, kó o má sì lọ lọ́jọ́ ọdún, lọ lọ́jọ́ tí ibẹ̀ bá parọ́rọ́. Nígbà tí Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, igbó yẹn ti ń lọ: wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dáko wọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣọdẹ nínú ẹ̀, àwọn ojúbọ ń wó. Òun àti àwọn olórìṣà ìlú, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, bíríkìlà bíi Adébísí Àkànjí, káfíńtà, agbẹ́gi, ni wọ́n jọ tún ojúbọ kọ́, tí wọ́n mọ ère tuntun, tí wọ́n sì kojú àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ igbó náà. Lọ́dún 1965 ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, nígbà tó di 2005 UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi igbó náà, hẹ́kítà 75, sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn: àtúnṣe ló ṣáájú, ọwọ́ ará ìlú ló ṣe é, wọ́n sì tipa ẹ̀ di oníṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀, lẹ́yìn náà ni àlejò ń wọ́ wá. Àwa òde òní la fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ dé, ká tó máa wá nǹkan tí wọ́n máa tún ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Òṣogbo ò tán síbẹ̀, ibi tó kù yìí sì dùn mí. Ẹni tó bá débẹ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí á rí i pé omi Ọ̀ṣun ti pọ́n, torí àwọn tó ń wa góòlù lọ́nà àìtọ́ lókè odò, tí wọ́n ń fọ ẹrẹ̀ sínú ẹ̀. Lọ́dún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sọ́dún pé kí wọ́n má mu omi náà. Odò tí àwọn èèyàn ń ti ẹ̀yìn òkun wá pọn sílé! Kò sí iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè tà lẹ́nu géètì tó máa dá ẹni tó ń wa góòlù dúró ní ibi tí kò mọ géètì yẹn rí. Àlejò lè tún etí odò ṣe, wọ́n lè sanwó ṣáláńgá, wọn ò lè tún orísun odò ṣe tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìyọnu wà. Àwa ará Ìbàdàn sì mọ ọ̀rọ̀ yìí dénú egungun. Ọgbà Agodi tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, omíyalé Ògùnpa ti Oṣù Kẹjọ 1980 ló gbá a lọ, pàǹtírí tí àwọn tí wọn ò tiẹ̀ lọ ṣeré lọ́gbà rí ń dà sínú odò wà lára ohun tó fà á. Nítorí náà, kó o tó gba owó ẹnikẹ́ni, tẹ̀ lé odò yín lọ sókè, ìwọ àti ẹnì kan tó mọ̀nà. Ṣé oko kan wà létí ẹ̀ tí wọ́n ń fi oògùn apakòkò fín? Ṣé ẹnì kan ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tó ń da omi ẹ̀ síbẹ̀? Ṣé wọ́n ń kó iyanrìn? Tó o bá rí èyíkéyìí nínú wọn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹ nìyẹn, bọ́ọ̀sì ṣì lè dúró ná.

Ó wá kan owó, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o fetí sí jù lọ. Ká ní ogún èèyàn san ₦40,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦800,000 nìyẹn. Jẹ́ ká tẹ̀ lé owó náà. Ọlọ́kọ̀ gba tiẹ̀, ó lọ ra epo ní Challenge. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹnì kan ní Bódìjà ló sè é. Mínírà àti omi, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nígboro lo ti rà á. Ẹni tó ń ya fọ́tò wá láti Èkó. Ìwọ náà mú èrè tìẹ, kò burú, o ṣiṣẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ dé abúlé o fún Baálẹ̀ ní ₦5,000 àti ìgò ọtí kan, o pín bisikíìtì fún àwọn ọmọ, wọ́n ṣàdúrà fún yín, ẹ lọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ló gba abúlé yẹn kọjá lọ́jọ́ kan, ₦5,000 àti bisikíìtì ló dúró síbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ pé èèwọ̀ baba wọn ni ò jẹ́ kí igbó yẹn kú, àwọn ló gba tó kéré jù nínú owó tí igbó pa. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí onípákó kan bá wá, tó fẹ́ sanwó sọ́wọ́ fún ìrókò kan ṣoṣo, kí lo fẹ́ kó mú wọn sọ pé rárá? Ọ̀rọ̀ àyíká àti ọ̀rọ̀ àpò, ọ̀rọ̀ kan náà ni lábúlé, ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ ò tíì gbé abúlé rí.

Àwọn ará Rwanda mọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ wo àwọn ìnàkí orí òkè wọn, láti 2017 ni ó ti ń san $1,500, àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, láti 2005, wọ́n ti ń yọ ìpín kan sọ́tọ̀ nínú owó tó ń wọlé sí àwọn ọgbà ìpamọ́ wọn fún àwọn abúlé tó yí wọn ká, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ nígbà yẹn, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá lọ́dún 2017. Wọ́n fi kọ́ yàrá ìkàwé, wọ́n fi fa omi, àgbẹ̀ tí ẹfọ̀n ń jẹ oko ẹ̀ rí ìdí tó fi yẹ kó gbé tàkúté ẹ̀ kúrò nínú igbó. Irú ìnàkí yẹn táwọn èèyàn ti rò pé ó máa run, nígbà tó di 2018 wọ́n kéde pé iye wọn ti lé ní 1,000. Ìwọ ò ní ìnàkí, o ò sì lè gba $1,500 lọ́wọ́ ará Bódìjà, ìjọba odindi orílẹ̀-èdè sì ni tiwọn. Ohun tó wúlò fún ẹ níbẹ̀ ni pé ìpín yẹn ti wà nínú ìwé kí àlejò tó dé, wọn ò fi sílẹ̀ fún inú rere ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, ìdá mẹ́wàá yẹn kéré, má ṣe fi ṣe òdiwọ̀n tìẹ.

Tó bá jẹ́ èmi, ohun tí mo máa ṣe ni pé oúnjẹ ọjọ́ yẹn, abúlé ni wọ́n á ti sè é, iṣu ibẹ̀, ẹ̀fọ́ ibẹ̀, adìyẹ ibẹ̀, kí àwọn ìyá yẹn dá iye tí wọ́n máa gbà fún un fúnra wọn, má bá wọn ná an. Amọ̀nà á jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ọdẹ tó mọ igbó yẹn lálẹ́ ló máa sọ ìtàn tí ìwọ àti èmi ò lè sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa wọ akáǹtì abúlé, èèyàn mẹ́ta ló máa fọwọ́ sí i kó tó ṣeé gbà jáde, kí obìnrin wà nínú wọn dandan. Mo tẹnu mọ́ obìnrin torí pé àwọn ló ń pọnmi, àwọn náà ni kì í sí níjòókòó tí wọ́n bá ń ṣèpàdé lórí omi. Kí wọ́n máa ka iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe sétí gbogbo èèyàn. Má sì fi gbogbo ẹ̀ lé Baálẹ̀ nìkan lọ́wọ́. Mi ò ní èèyàn burúkú ni, ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí ni etí odò sábà máa ń jẹ́, ó lè jẹ́ mọ̀lẹ́bí kan ló ni ín, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ìjà ilẹ̀ tó ti sùn á jí tó bá gbóòórùn owó. Mo ti rí ibi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ torí owó ẹnu ọ̀nà tí kò tó nǹkan. Kò sí ètò kankan tó lè mú ewu yẹn kúrò pátápátá, ohun tó o lè ṣe ni kó o jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà lójú táyé.

Iye èèyàn ńkọ́? Etíkun kan wà ní Thailand tó ń jẹ́ Maya Bay, fíìmù kan ló sọ ọ́ di ibi tí gbogbo ayé fẹ́ dé, ó di pé èèyàn bíi 5,000 ń débẹ̀ lójúmọ́, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ń fọ́ iyùn abẹ́ omi. Ìjọba tì í pa ní Oṣù Kẹfà 2018, ó di Oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i padà. Láàárín ìgbà yẹn àwọn onímọ̀ gbin iyùn síbẹ̀, àwọn ẹja shark kéékèèké padà sínú omi tí wọ́n ti sá kúrò, nígbà tí wọ́n sì ṣí i, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀ mọ́, òdiwọ̀n sì wà fún iye èèyàn. Ìjọba lágbára àtiti etíkun pa fún ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Abúlé bàbá ẹ ò ní irú agbára yẹn lórí bọ́ọ̀sì tó bá ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o yọ orúkọ abúlé àti máàpù kúrò lára fídíò yẹn lónìí, kó o tó sùn.

Fún odò bó o ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yìí, èmi ò rí bí á ṣe ju èèyàn mẹ́wàá sí méjìlá lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, kí ẹ má sì lọ rárá nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, torí ìgbà yẹn ni etí odò máa ń tètè ya. Àmọ́ má gba ti ẹnu mi gbọ́, àwọn tó ń gbébẹ̀ ló máa sọ ọ́: mélòó ni wọ́n lè sè fún láì pa oko wọn tì, mélòó ni ṣáláńgá gbà. Bi wọ́n léèrè èèwọ̀ ibẹ̀ náà. Àwọn bàbá wa mọ bí wọ́n ṣe ń fún igbó nísinmi, ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ọ́, apá kan wà tí àjòjì ò gbọdọ̀ dé, ẹja kan lè wà tí wọn kì í pa. Èyíkéyìí tí wọ́n bá kà fún ẹ, òun ni òfin àkọ́kọ́ fún àlejò, má yọ ọ̀kankan nínú ẹ̀ torí pé ẹni tó sanwó fẹ́ ya fọ́tò. Ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ o, mọ́sálásí lò ń lọ o, èèwọ̀ yẹn ló ti ń ṣọ́ igi yẹn látọjọ́ yìí, kò sì gbowó oṣù.

Ọ̀nà kan wà tí o ò béèrè nípa ẹ̀, mo rò pé òun ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ìgboro Ìbàdàn gan-an. Gbọ̀ngàn Mápó ti 1929, ilé gogoro Bower tó wà ní Òkè Ààrẹ láti 1936, tó o bá gun àtẹ̀gùn tó lọ́ yípo yẹn dókè, gbogbo òrùlé páànù ìlú ló máa tẹ́ sílẹ̀ lójú ẹ. Àwọn aláṣọ òkè ní Ọ̀jẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí àwọn òpó Mápó wà lára ẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí, jẹ́ kí àlejò dúró ní Mápó kó o tó na aṣọ náà hàn án, wàá rí bí ojú ẹ̀ ṣe máa là. Ìgboro ti fara gba ẹsẹ̀ púpọ̀, ogún èèyàn ò lè ṣe é ní nǹkan kan, owó tí wọ́n bá sì ná lórí àmàlà àti aṣọ ń dúró lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ibẹ̀ lo ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn, bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọ̀gá kan pé "ẹ má bínú sà, a kì í ya ibẹ̀ ní fọ́tò." Ohun tí mi ò fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò tíì tún nǹkan kan ṣe, ó ṣáà ń pín owó káàkiri ni. Tó o bá fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wá àwọn ará àdúgbò kan tó ń kó pàǹtírí kúrò nínú odò tàbí gọ́tà wọn, kí ìpín kan nínú owó ìrìn yẹn máa lọ sọ́dọ̀ wọn lóṣooṣù.

Mi ò ní tan ẹ́ jẹ lórí èrè. Èèyàn méjìlá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, lẹ́yìn tí abúlé bá gba tiwọn, tí ọlọ́kọ̀ gba tiẹ̀, kò lè rọ́pò owó oṣù tó ò ń gbà ní Bódìjà, má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é torí owó ńlá ló máa ń pọ̀ ọ́ sí ogójì nígbà tó bá yá. Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà ńlẹ̀, ọ̀nà abúlé wa ò rí bíi ti àtijọ́, kí àwọn ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn tó wà ní agbègbè yẹn mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń bọ̀, kí ilẹ̀ má sì ṣú bá yín níbẹ̀. Àdéhùn ilẹ̀, lọ́yà ni kó o bi, èmi ò mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ omi mímu, kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó o lè mọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́dún méjì sí i kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹ tún un ṣe ni àbí ẹ bà á jẹ́. Èyí tí ìwọ fúnra ẹ lè ṣe láìnáwó: mú ibì kan létí odò, máa dúró síbẹ̀ ya fọ́tò lóṣooṣù, ojú kan náà. Bu omi sínú ìgò funfun lẹ́yìn òjò, jẹ́ kó sùn di àárọ̀, wo bí ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ṣe nípọn tó. Kí o sì máa bi àwọn tó ń pọnmi pé báwo ló ṣe rí ní tiwọn. Tí ẹrẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, ẹ dáwọ́ dúró, ì báà jẹ́ pé àwọn kan ti sanwó sílẹ̀, dá owó wọn padà.

Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ rárá ni wọ́n máa sọ. Tó o bá lọ bá wọn jókòó, tó o ṣàlàyé fún gbogbo wọn, fún àwọn bàbá, àwọn ìyá àti àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe, má lọ gba ẹ̀yìn wá nípa pé o fún ẹnì kan lówó. Odò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lórí Instagram ò pàdánù nǹkan kan. Tí wọ́n bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kọkànlá tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Kí wọ́n ti gbẹ́ ṣáláńgá síbi tó jìnnà sódò, kó sì wà nísàlẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń pọnmi lọ, kí wọ́n to òkúta sójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo àlejò á máa gbà, kí etí odò yòókù lè sinmi. Owó àwọn tó bá kọ́kọ́ wá, iṣẹ́ méjèèjì yẹn ni kó o fi san kó o tó mú èrè. Tó bá di Oṣù Karùn-ún, tí òjò ti rọlẹ̀, tí ibì kan bá wà létí odò tó ṣì họ́, ìgbà yẹn lẹ lè wá sọ̀rọ̀ igi, kí àwọn ará abúlé mú irú èyí tí wọ́n fẹ́, kí àlejò sanwó ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ fún ọdún méjì.